Olùkọ́ Tí A Fi Pamọ́ Sábẹ́ Píánò

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì. Ẹ fi àga onírin yẹn sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ. Ẹ rìn láti inú ọgbà yunifásítì títí dé Fọlá Àgọ́rò nínú oòrùn yìí, ìbéèrè kan péré lẹ sì gbé wá: píánò wo là ń tún ṣe fún odidi ọdún mọ́kànlá, tó fi jẹ́ pé orúkọ ẹnì kan náà ló ń jáde lọ́dọọdún nínú ètò ìnáwó ẹ̀ka orin? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka náà báyìí, ẹ ní ẹ rí i nínú fáìlì àtijọ́ nígbà tí ẹ ń wá bí àwa ṣe máa ń kọ ètò òṣìṣẹ́. Mo mọ fáìlì náà. Èmi ni mo tẹ gbogbo ìwé tó wà nínú rẹ̀, èmi náà ni mo sì fi okùn pupa dì í.

Akọ̀wé ẹ̀ka orin ni mí láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú títí ó fi di ohun tí ẹ ń wò yìí. Ìjẹ̀bú ni mí, ìwé kì í sọnù lọ́wọ́ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mò ń sọ. Olórí ẹ̀ka mẹ́rin ló jẹ lójú mi, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí mi ò mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó la ẹnu.

Ẹ ní inú kọ̀ǹpútà ni fọ́ọ̀mù ètò òṣìṣẹ́ tiyín wà báyìí, pé bó bá ti di aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀, yóò ti ara rẹ̀ pa, kò sì ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn yà mí lẹ́nu. Fọ́ọ̀mù tiwa kì í ti ara rẹ̀. Ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ ni, ó gùn tó ìborùn mi yìí, ọ́fíìsì ètò, àwọn tó ń pín òṣìṣẹ́ àti owó fún gbogbo yunifásítì, ló máa ń fi í ránṣẹ́ sí wa nígbà tí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́. Bí a bá pẹ́, n ó ra bískíìtì dání, n ó lọ kí akọ̀wé wọn, n ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó sì tún rí ọ̀sẹ̀ kan gbà sí i. Bí a bá parí rẹ̀ tí a fẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ibẹ̀ kọjá lónìí, ẹ rò pé ariwo lẹ ń gbọ́. Nígbà yẹn, gbàkàtà-gbàkàtà ni láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òórùn tàdáwà á sì bá ẹ délé nínú aṣọ rẹ. Olórí ẹ̀ka wa tí a jọ máa ń lọ á kàn dúró sójú títì, á fetí sílẹ̀. Á ní ẹ̀rọ ti apá ọ̀tún ń sáré, ti apá òsì ń wọ́ ẹsẹ̀, pé bí òun bá lágbára, òun á kó gbogbo wọn wá sínú kíláàsì.

Ọkùnrin yẹn, Dókítà ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì ṣe máa pè é. Ilé rẹ̀ wà ní òpópónà kejì sí ibi tí a jókòó sí yìí. Ọjọ́ Sátidé la máa ń péjọ síbẹ̀ láti ṣe ètò òṣìṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ á din àkàrà, àwọn olùkọ́ á yí tábìlì ìjẹun ká, Dókítà á tẹ́ káádìbọ́ọ̀dù funfun, á wá da ẹ̀wà àti àgbàdo sí i láàárín. Ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan dúró fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹyọ àgbàdo kọ̀ọ̀kan dúró fún olùkọ́ kan. Bí a ṣe ń pín wọn nìyẹn. Àwọn tó ń fọn fèrè níbí, àwọn olóhùn lọ́hùn-ún, àwọn tó ń tẹ píánò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni tí ẹ̀wà bá pọ̀ jù níwájú rẹ̀ á máa ráhùn, ẹni tí tirẹ̀ kò tó á máa wo àjà ilé.

Wàhálà tiwa ni pé àgbàdo wa pọ̀ lójú ọ́fíìsì ètò. Ní ẹ̀ka àwọn tó ń kọ́ nípa òwò, àgbàdo kan á dúró, àádọ́ta ẹ̀wà á yí i ká, inú gbogbo ayé á dùn. Tiwa kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ fèrè, òun àti olùkọ́ rẹ̀ nìkan ló ń jókòó, ẹ ò lè kó àádọ́ta ẹnu sórí fèrè kan. Lọ́dọọdún la ń ṣàlàyé èyí, lọ́dọọdún ni wọ́n ń kọ̀wé padà pé a pọ̀ ju iṣẹ́ wa lọ. Ẹ̀yin náà ní wọ́n ṣì ń sọ ọ́ fún yín. Ẹ wò ó, ohun kan ṣoṣo tí kò yí padà nìyẹn.

Ọdún kan wà tí ìjà kan ṣẹlẹ̀ níta, gbogbo wa bá sáré jáde lọ wò ó, àwa ọ̀mọ̀wé. Adìyẹ ìyàwó Dókítà fò sórí tábìlì lẹ́yìn wa. A wọlé, a lé e, a ò ro nǹkan kan. Mo ka àgbàdo, mo kọ iye tí mo rí sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, Dókítà fọwọ́ sí i. Ó lé ní oṣù mẹ́ta kí ọ́fíìsì ètò tó kọ̀wé pé àwọn dúpẹ́ gan-an ni pé a fínnúfíndọ̀ dín òṣìṣẹ́ wa kù. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé adìyẹ ti jẹ olùkọ́ méjì. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkùnrin gìrìwò kan tó ń kọ́ni ní ìtàn orin. Odidi ọdún kan la fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó dá wọn padà sórí ìwé, àtìgbà náà ni ọkùnrin gìrìwò yẹn kì í jókòó nílé Dókítà láìkọ́kọ́ béèrè ibi tí adìyẹ wà.

Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, nítorí èyí tó kù kì í ṣe ẹ̀rín.

Lórí tábìlì yẹn náà ni ọ̀rọ̀ Bàbá Lámídì ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ń gbé nítòsí Fádèyí, gòjé ló ń ta. Ẹ̀yin ti rí gòjé nínú fóònù, igbá tí wọ́n fi awọ bò, tó ní okùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi irun ìrù ẹṣin ṣe. Bí Bàbá Lámídì bá fi ọ̀pá rẹ̀ fà á, bí ìyá àgbà kan tó ń kun orin sí ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń dún. Dókítà gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Bàríga, kò jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ó ní àfi kí ọkùnrin yẹn wá kọ́ àwọn ọmọ òun.

Ó wá, ó sì mọ̀ ọ́n kọ́. Kì í kọ nǹkan kan sójú pátákó. Á fa gòjé, á ní, "Ìwọ náà sọ ọ́." Bí ọmọ bá ṣì í, á tún fà á, ohùn kan náà, sùúrù kan náà, bó di ìgbà ogún. Irun ẹṣin kò rọrùn láti rí ládùúgbò wa, Ìsẹ́yìn ló ti ń kó o bọ̀ bó bá lọ sílé fún Iléyá. Nígbà kan tó tán lọ́wọ́ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Rẹ̀mí, ọmọ àwọn apẹja ní Ìlàjẹ, mú okùn ìwọ̀ bàbá rẹ̀ wá, wọ́n sì so ó mọ́ gòjé. Ohun tó jáde níbẹ̀, ewúrẹ́ tó ń rọbí kò lè ké tó o. Ẹ̀ka tó wà lókè wa rán ènìyàn wá béèrè irú ẹran tí à ń sìn. Bàbá Lámídì rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ fìlà rẹ̀ nu ojú.

Ṣùgbọ́n Bàbá Lámídì kò ní ìwé mẹ́fà, ká má tíì sọ ti yunifásítì. Ibi tí wọ́n ń kọ olùkọ́ sí nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí ẹ kọ oyè tó gbà síwájú orúkọ rẹ̀, bí kò bá sí oyè, ìlà náà kò bá òfin mu. Dókítà wo káádìbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Sátidé yẹn títí. Ó mú ẹyọ ẹ̀pà kan. Kò gbé e sáàárín àgbàdo, ìsàlẹ̀ pátápátá ló gbé e sí, níbi tí a kọ àtúnṣe píánò sí. Ó wá wò mí.

"Akọ̀wé, ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi, sà."

Bí a ṣe fi olùkọ́ pamọ́ sábẹ́ píánò nìyẹn, owó àtúnṣe píánò la fi ń san owó oṣù rẹ̀. A ò jalè o. Ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni fọ́ọ̀mù kò láyè fún. Èmi tilẹ̀ rò pé ọgbọ́n ńlá la gbọ́n.

Nígbà tó kọ́kọ́ wá gba owó oṣù rẹ̀, mo gbé ìwé síwájú rẹ̀ kó tẹ ìka sí i. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wá ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Mo kà á.

"Akọ̀wé mi, píánò wo ni mo tún ṣe?"

"Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."

"Rárá. Mo ti tẹ ìka mi sí i. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń yí okùn inú rẹ̀."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo dé ibi iṣẹ́, mo bá Bàbá Lámídì tó ti ṣí ìdérí píánò, tó ki orí bọ inú rẹ̀, tí gòjé wà lórí itan rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Á yí okùn kan díẹ̀, á fa gòjé, á tún yí i, títí àwọn méjèèjì á fi fi ohùn ṣọ̀kan. Gbogbo òwúrọ̀ Mọ́ńdè ló fi ṣe èyí, ọdún mọ́kànlá gbáko. Òun nìkan ló ṣe ohun tí ìwé sọ nínú gbogbo wa.

Àbùkù ibẹ̀ ni pé gòjé ló fi ṣe òṣùwọ̀n. Ohùn bíi méjì tàbí mẹ́ta wà tó máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ nínú gòjé, wọ́n sì rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà nínú píánò wa. Dókítà gbọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Bàbá. Àwọn ọmọ wa bá a dàgbà, etí wọn gbà á. Ọdún Kérésìmesì kan, akọrin wa lọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Onítẹ̀bọmi kan ní Bàríga. Dùrù ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ síbí, àwọn ọmọ wa ń lọ sọ́hùn-ún, tọkàntọkàn. Gbogbo ìjọ kọjú sí atẹdùrù wọn, wọ́n ń wò ó bíi pé ó mutí wọlé. Ọkùnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ yẹn ń làágùn. Dókítà ń wo bàtà rẹ̀, èmi náà ń wo tèmi.

Ó wá di ọdún tí àwọn àlejò wá yẹ ẹ̀ka wò, bóyá a yẹ lẹ́ni tó ń fúnni ní oyè tàbí a ò yẹ. A kun ara ògiri. A ya àga lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà, arẹwà ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, jókòó sídìí píánò, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó dúró. Ó tún un tẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Mo ṣí ìwé fún un, orúkọ Bàbá Lámídì wà níbẹ̀ lọ́dọọdún bí ẹ ṣe rí i. Kò bínú. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé píánò ti bàjẹ́, owó tí à ń ná lé e lórí ń ṣòfò, kí yunifásítì ra àwọn píánò oníná tuntun.

Wọ́n sì rà wọ́n. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sínú ìgbà tí ohun gbogbo ń fi iná ṣiṣẹ́, ẹ ò lè mọ bí inú wa ṣe dùn tó. A jó yí wọn ká. Dókítà ní kí n kọ lẹ́tà ọpẹ́, ó sọ ohun tí mo máa kọ fún mi, ó jáde lọ kọ́ kíláàsì. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà díẹ̀ kù lójú ìwé, àyè náà sì ń wù mí. Mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un láti orí ara mi, kí ọ́fíìsì ètò lè mọ̀ pé a mọ owó ṣọ́. Mo kọ ọ́ pé láti ìsinsìnyí lọ, owó àtúnṣe píánò tí a ń béèrè lọ́dọọdún ti dópin. Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu nígbà tí mo kà á. Dókítà fọwọ́ sí i láìkà á, nítorí ó fọkàn tán mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi fa ìlà àtúnṣe píánò yọ nínú ètò ìnáwó wa. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fi ṣe, ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Ọjọ́ tí lẹ́tà wọn dé, mo kà á dé ìdajì kí n tó rántí ẹni tó wà lábẹ́ píánò.

Dókítà sáré lọ sí ọ́fíìsì ètò, mo tẹ̀ lé e. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ jẹ́ onísùúrù ènìyàn, ó fún wa ní àga. Dókítà tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní olùkọ́ ni Bàbá Lámídì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Dókítà, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ ọ́ pé olùkọ́ ni, mo ti kọ ọ́ pé ọdún mọ́kànlá lẹ fi parọ́ fún wa nìyẹn, ẹ̀ka yín á sì rí pupa ojú àwọn aláṣẹ. Tí mo bá sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, píánò tó ń tún ṣe ò sí mọ́. Èwo ni kí n kọ?"

Mo lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo lè sọ pé ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yẹn kì í ṣe ti Dókítà, èmi ni mo fi kún un. Mo jókòó, mo di báàgì mi mú.

Èmi náà ni wọ́n ní kí n lọ sọ fún Bàbá Lámídì, torí èmi ló ń ka ìwé fún un. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú lẹ́tà náà níbì kankan. Píánò ni wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀, pé ó ti bàjẹ́, pé àtúnṣe rẹ̀ ti dópin. Mo kà á fún un bó ṣe wà, ó tẹ́tí sílẹ̀ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Akọ̀wé mi, ṣé èmi ni mo ba nǹkan yẹn jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́?"

Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Ó kàn gbó ni."

Ó ní kí n bá òun bẹ Dókítà, pé ká ní òun mọ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe, òun kì bá tí fọwọ́ kàn án. Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà lápò, ó gbé e sórí tábìlì mi. Ìdánwò Rẹ̀mí kù díẹ̀ nígbà yẹn. Bàbá Lámídì ń wá títí ọmọ náà fi ṣe é, láìgba kọ́bọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ló kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn. Ó kú síbẹ̀, ó sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ba píánò yunifásítì jẹ́. Ó dùn mí. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, nítorí gbólóhùn kan látẹnu mi, pé lẹ́tà tí mo kọ ló fà á, ì bá mú un kúrò lọ́kàn rẹ̀, ojú ló tì mí. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń yin ayé àtijọ́, ẹ máa fetí sílẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ràn àwọn Sátidé yẹn. Mo fẹ́ràn àkàrà, mo fẹ́ràn ariwo, mo fẹ́ràn bí ẹnìkan ṣe lè wo ẹnìkejì lójú kí ọ̀rọ̀ sì yanjú. Kọ̀ǹpútà yín kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ ojú ara wa yẹn náà la fi àánú gbé ènìyàn pamọ́ síbi tó ṣókùnkùn, nígbà tó sì yá, a gbàgbé pé ẹnìkan wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ ń wo ara yín? Túndé, o ti ń gbé nǹkan mì láti ẹ̀ẹ̀kan. Sọ ọ́. Mo ti sọ tèmi.

Ta ló ń jẹ́ Ìyá Kúdí? Ẹ ní òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin wákà. Ó dáa. Kò ní ìwé ẹ̀rí. Mo gbọ́. Ẹ wá kọ orúkọ rẹ̀ sí ibo? Sábẹ́ ìtọ́jú jẹnẹrétọ̀. Láti ọdún mẹ́fà.

Rárá, mi ò bínú. Kí ni ohun tó wà nínú ìwé tí o mú jáde yìí? Mi ò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́, kà á fún mi. Ẹ ní wọ́n ń gbé kí ni bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀? Sólà. Gbogbo òrùlé ẹ̀ka, kò ní sí jẹnẹrétọ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ sì béèrè fún un.

Òní ni Ọjọ́rú, fọ́ọ̀mù yín kò tíì ti ara rẹ̀. Gbé kọ̀ǹpútà yẹn jáde, ọmọ mi, ṣí i sí ibi tí wọ́n ń kọ olùkọ́ sí. Bó bá kọ̀ ọ́, ẹ tún un kọ. Bó bá tún kọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ ká dìde lọ bá ẹni tó ni ín, n ó bá yín lọ, n ó sì la ẹnu mi lọ́tẹ̀ yìí. Ó yá, kọ ọ́. Kí ni orúkọ Ìyá Kúdí gan-an, èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́?

Ọdún mẹ́fà, ẹ ò sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ bi í. N ó dúró.